Ọwọ́ Òsì Tí Wọ́n Kó Owó Lé Lórí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Èmi arúgbó yìí, tí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn máa ń ti lọ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo ṣẹ́gun ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì tó lówó jù lọ ní gbogbo etí adágún Míṣígánì. Ìgbákọ ni mo fi ṣẹ́gun wọn. Mi ò dé akoto, mi ò wọ bàtà oníṣòó, mi ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Kí n tó gbé ìgbákọ náà sílẹ̀, àwọn géńdé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi tó fíríìjì ti nà gbalaja sórí koríko, gbogbo owó tí wọ́n fi rà wọ́n sì ti bá omi lọ. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ béèrè ní Ṣikágò. Bó bá dé ibẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí, ìlara ló ń ṣe wọ́n.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yẹn, òtútù kọ́ ló dẹ́rù bà mí. Gbogbo ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó dé ló máa ń ròyìn òtútù, bí ẹni pé òun nìkan ni òtútù ti mú láyé. Orúkọ mi ló dẹ́rù bà mí. Ní Ìwó, kò sí ẹni tó ń pè mí lórúkọ mọ́. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe láti ìgbà tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ìwé kẹrin, nítorí náà Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni mo jẹ́ fún àwọn oníbàárà, Bàbá Sìdí ni mí ládùúgbò, ní mọ́ṣáláṣí wọ́n á ní Àlùfáà, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló mọ̀ pé mi ò mọ̀ ju súrà kéékèèké lọ. Àwọn tó mọ orúkọ tí wọ́n sọ mí gan-an ti kú tán, ó ku Làmídì ọ̀rẹ́ mi nìkan. Mo wá dé ọ́fíìsì dókítà ní Ṣikágò, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù yọrí síta, ó pariwo orúkọ mi sáàárín èrò bí ìgbà tí wọ́n ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Mi ò dáhùn. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń pè. Sìdíkátù ọmọ mi ló fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni."

Sìdí ló ní kí n wá bá òun lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Nọ́ọ̀sì ni, àdúgbò Uptown ló ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹja tútù. Láàárọ̀ yóò lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò lọ sí ilé-ìwé, èmi àti fèrèsé la óò jọ kù. Mo mọ gbogbo ajá àdúgbò yẹn. Ajá ni wọ́n ń kí níbẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á bi ajá pé ṣé dáadáa ló sùn, ajá á ju ìrù. Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó iná. Lọ́jọ́ kan mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo wọ agbádá mi, mo sọ̀kalẹ̀ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ibùdó tíréènì, mo ń kí gbogbo ẹni tó ń jáde. "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ọlọ́pàá ló dá mi lóhùn. Ó fi sùúrù bi mí bóyá mo mọ ilé. Mo ní mo mọ ilé, ènìyàn ni mi ò mọ̀.

Mo sọ ọ́ fún Làmídì lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti ń wọ pátá nìkan kiri. Aránṣọ ni, kì í sì í gba ohunkóhun gbọ́ àfi tó bá ti fi tépù wọ̀n ọ́n. Ó ní irọ́ ni, pé kò sí ìlú tí wọn kì í ti í kí àgbà. Mo ní kó wá wò ó. Ó ní ta ni yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú? Ibẹ̀ la jiyàn dé tí káàdì fóònù fi tán.

Ìyá Tóólú ló yọ mí lójú fèrèsé. Ìjẹ̀bú ni, onígbàgbọ́ ni, ìlú Oak Park nítòsí wa ló ń gbé, ó sì mọ Sìdí dáadáa. Òun ni ọ̀gá kíṣìnì tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì kan. Ó wá kí Sìdí lọ́jọ́ Àìkú, ó bá mi níbi tí mò ń bá ajá kan sọ̀rọ̀ láti òkè, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ lè fọ ìkòkò?" Mo ní mo ti fọ ìkòkò fún gómìnà rí. Ó mọ̀ pé mò ń parọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó gbà mí síṣẹ́.

Mo fẹ́ràn obìnrin náà. Bí mo bá ti bọ́ láti inú tíréènì tí mo wọlé láàárọ̀, ó máa ń fi orúnkún kanlẹ̀ díẹ̀, á ní "Ẹ káàárọ̀ sà," lẹ́yìn náà á nàka sí ìkòkò tó kún dé òrùlé, á ní, "Bàbá, ẹ bá mi yára díẹ̀ lónìí o." Ọmọ mi ni, ọ̀gá mi ni. Bó ṣe ń kúnlẹ̀ yẹn, ó tó mi jẹ di alẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹ máa pè é ní irọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lòótọ́. Lóde òní ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ń sanwó fún ọmọ ilé-ìwé kó lè wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Tẹ́lẹ̀ wọn kì í ṣe é ní gbangba. Wọ́n wá yí òfin padà, wọ́n ń san án ní ọ̀sán gangan. Mo pe Làmídì, mo sọ fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, "Ṣé ọmọ ló ń san owó ilé-ìwé ni, àbí ilé-ìwé ló ń san owó ọmọ?" Mo ní ilé-ìwé ló ń san owó ọmọ. Ó ní òtútù ti wọ̀ mí lágbárí.

Bọ́ọ̀lù ọ̀hún kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Ó rí bí ìbẹ́pẹ. Ẹnì kan ló ń jù ú, ẹlòmíràn á sáré lọ hán an níwájú. Àwọn kan wà láàárín, àwọn tó sanra jù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n dúró bí ògiri níwájú ẹni tó ń jù ú, kí àwọn ọ̀tá má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Adènà ni mo sọ àwọn yẹn. Kò sí ẹni tó ń pariwo orúkọ wọn. Tí ìparí ọdún bá sì dé, ọmọ tí ilé-ìwé mìíràn bá lé owó fún lè palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ.

Yunifásítì tiwa kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ máa ń ra ẹni tó dára sí gbogbo àyè. Tiwa kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo owó tó ní lé orí ọmọ kan ṣoṣo, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, Tánà lorúkọ rẹ̀. Ọdún kìíní rẹ̀ nìyí ní ilé-ìwé. Ìyókù owó, wọ́n wọ́n ọn sára àwọn tó kù bí iyọ̀. Nínú kíṣìnì, a máa ń jiyàn lé e lórí ṣáá: ṣé owó ló ń borí nínú bọ́ọ̀lù ni, àbí ènìyàn? Mi ò ní parọ́ fún yín níbi tí kò ti wúlò. Ní ọ̀pọ̀ Sátidé, ẹgbẹ́ tó náwó jù ló máa ń borí, bí ẹni tó ra táyà tuntun ṣe máa ń dé ibi tó ń lọ ṣáájú ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tiwa náwó, wọ́n sì ń nà wá. Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù í jù, ẹni tó bá rí i kò lè sọ pé wọ́n ra ọjà burúkú. Kó tó gbé ọwọ́ sókè ni wọ́n ti máa ń gbé e ṣánlẹ̀. Àwọn adènà ń dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń dúró bí ẹni tí kò rí oorun sùn. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn, kò sì kàn mí. Ìkòkò ló kàn mí.

Ọjọ́ tí ara obìnrin tó ń bu oúnjẹ kò yá ni ọ̀rọ̀ kàn mí. Ìyá Tóólú so épírọ́ọ̀nù funfun mọ́ mi nídìí, ó fi ìgbákọ lé mi lọ́wọ́, ó ṣàlàyé iṣẹ́. Ẹran màlúù ńlá kan wà nínú páànù àkọ́kọ́, tó nípọn, tó rọ̀, tí àwọn olówó tó ń ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn ń rà. Adìẹ wà nínú páànù kejì. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń san owó ńlá fún, rọ́bà pupa ló wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. Màlúù ni tiwọn. Àwọn tó kù wọ rọ́bà funfun, adìẹ ni tiwọn.

"Bàbá, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ," Ìyá Tóólú wí. "Ẹ ṣáà máa wo ọwọ́, ẹ má wo ojú."

Ó lọ gba ẹrù tó dé lẹ́yìn ilé. Èmi náà ń wo ọwọ́ bó ṣe wí. Àwo kan yọ sí mi. Rọ́bà pupa wà lọ́rùn ọwọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni. Mo gbójú sókè. Ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì pé lágbọ̀n ló na ọwọ́ òsì sí mi, ohun kan ń kọrin létí rẹ̀, kò kí mi, kò wojú mi. Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, ọwọ́ òsì. Mo wá apá adìẹ tó gbẹ jù nínú páànù, mo jù ú sínú àwo rẹ̀. Ó dúró, ó wo adìẹ, ó wo rọ́bà rẹ̀, ó kọjá lọ.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Dẹ́ríkì, olórí àwọn adènà. Ọmọ àdúgbò South Shore ni, dúdú bíi tiwa, ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, ó sì ti wà ní ọdún kẹrin. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé àwo rẹ̀ sí mi, rọ́bà funfun lọ́rùn ọwọ́. Ó tẹrí ba díẹ̀ kó lè rí ojú mi, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Òyìnbó ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìkíni ni ìkíni. Mo wá màlúù tó tóbi jù, mo bù ú fún un, mo da ọbẹ̀ lé e.

Ìròyìn oúnjẹ yára ju ti ikú lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí gbogbo adènà fi di ọmọlúàbí. Ọwọ́ méjì, ìtẹríba, "Ẹ káàsán, Baba," bí mo ṣe kọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń pè é, ó dà bí ẹni tó ní òkúta lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é. Mo tún fi ti ọjọ́ orí kún un. Ẹni tó wà ní ọdún kẹrin á kọ́kọ́ gba ẹran, lẹ́yìn rẹ̀ ọdún kẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Mi ò wo rọ́bà mọ́. Ẹni tó ń bu oúnjẹ tẹ́lẹ̀ kò padà wá, ó ti ríṣẹ́ mìíràn, ìgbákọ sì di tèmi. Tánà ń bọ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, lójoojúmọ́ mò ń fún un ní apá adìẹ. Àwọn adènà á máa wò ó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sínú àwo wọn. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nínú tíréènì.

Ó ku eré kan ṣoṣo kí ọdún bọ́ọ̀lù parí nígbà tí kóòṣì ránṣẹ́ pe èmi àti Ìyá Tóólú. Ọkùnrin náà kò lọ́rùn, èjìká ni orí rẹ̀ jókòó lé ní tààrà. Kò pariwo. Ó tan fídíò sára ògiri, Tánà ń ju bọ́ọ̀lù. Ó dá fídíò dúró níbi tí ọwọ́ ọmọ náà ti ga jù lọ, ó nàka sí i.

"Ọwọ́ òsì yìí," ó ní, "òun la rà. Ìyókù ara ọmọ náà, ọ̀fẹ́ la gbà á."

Ó ṣàlàyé fún wa bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ará ilé rẹ̀. Ọmọ náà ti pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé apá adìẹ gbígbẹ ni wọ́n fi ń bọ́ òun níbí, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn òun. Tí ọmọ náà bá lọ níparí ọdún nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, àwọn olówó ò ní dáwó mọ́, iṣẹ́ kóòṣì fúnra rẹ̀ á lọ. Ó ní kí n lọ tún un ṣe. Bí ó bá tún gbọ́ ẹ̀sùn kan sí i kí eré Sátidé tó parí, èmi àti ọ̀gá mi yóò jọ máa lọ ilé ni.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà wò, mi ò rí ibi tí ọkùnrin náà ti jẹ̀bi. Ní Ìwó, ẹni tó bá fi gbogbo owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ, kò ní jẹ́ kí àjèjì máa da iyanrìn sí i.

Ìyá Tóólú dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Bàbá, kí lọ́mọ yẹn fi ṣe yín?"

"Ọwọ́ òsì ló nà sí mi."

"Òsì ló ń lò ni. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Tóólú tèmi náà ń lò ó, a nà án títí, kò gbọ́, a fi í sílẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí épírọ́ọ̀nù. "Tí wọ́n bá lé yín níbí, ẹ ó padà sójú fèrèsé. Tí wọ́n bá lé èmi, níbo ni kí n kó àwọn ọmọ mi lọ?"

Ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn gún mi. Mo rí ara mi lókè ṣọ́ọ̀bù ẹja, tí mò ń ju ọwọ́ sí ajá. Mo rí àwọn ọmọ rẹ̀ náà, tí mi ò rí rí.

Ẹ sọ fún mi, báwo ni ẹni ọjọ́ orí mi ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún kìíní? Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo bu màlúù sínú àwo, mo gbé e lọ bá a. Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún àwọn rọ́bà pupa. Àwọn méjì tó kù tó ń wọ rọ́bà pupa ti ń lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn tipẹ́. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, òun àti ohun tó ń kọrin létí rẹ̀. Mo jókòó. Ó yọ ọ́ létí.

Mo sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ló bí mi nínú. Mo ní nílé wa, ènìyàn kì í na òsì sí àgbà, pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà ló ń wá. Mo ní mi ò mọ̀ pé ọwọ́ tó ń lò nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ náà sórí tábìlì, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ajá rẹ̀ bu ènìyàn jẹ.

"Gbogbo ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ níbí," ó ní, "ọwọ́ yìí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

Ó wá ń sọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ Nebraska ló ti wá, bàbá rẹ̀ ń sin màlúù. Láti ìgbà tí iye owó rẹ̀ ti jáde síta, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Tánà mọ́. Bánkì ni wọ́n ń pè é. Tó bá wọ yàrá, ọ̀rọ̀ á dá. Mo ń gbọ́ ọ, ara mi ń bù máṣọ. Ìlú kan náà lèmi àti ọmọ yìí jọ wà, kò sẹ́ni tó ń kí èyíkéyìí nínú wa, èmi sì ni mo tún gbé ìgbákọ tì í.

Ó bi mí pé kí ni àwọn adènà ń sọ fún mi lórí ìlà oúnjẹ. Mo kọ́ ọ. Ó sọ ọ́ dáadáa ju Dẹ́ríkì lọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún Dẹ́ríkì. Ó tún bi mí pé nílé wa, kí ni iṣẹ́ ẹni tó kéré jù. Mo kàn ń bá a tàkúrọ̀sọ ni o, mi ò ní ètò kankan nínú. Mo ní bí ẹran bá délẹ̀, ẹni tó kéré jù ló ń pín in, òun ló sì ń mú kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í pín in bó ṣe wù ú, torí èyí tó bá kéré jù ni yóò kù fún un. Ó gé màlúù rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí páànù ni ọmọ náà wọlé sí ẹ̀yìn káńtà. Ó ti so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí. Ó ní, "Ẹ káàsán, Baba," ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ìgbákọ mi. Mo fún un. Kí ni kí n ṣe?

Dẹ́ríkì ló wà níwájú, àwo lọ́wọ́, ojú le. Tánà fi ọwọ́ ọ̀tún bu ẹran nítorí tèmi. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò mọ iṣẹ́ kankan láyé. Ìgbákọ yí, ọbẹ̀ gbígbóná dà sórí bàtà Dẹ́ríkì. Ìyá Tóólú di ojú. Dẹ́ríkì wo bàtà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá wo ọmọ náà.

"Fi òsì bù ú," ó ní. "Èyí tí a sanwó rẹ̀ nìyẹn."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé wó fún ẹ̀rín. Tánà náà ń rẹ́rìn-ín, ó ti pọ́n dé etí. Ó gbé ìgbákọ sí òsì, ó bù ú bí ẹni tí wọ́n bí sínú iṣẹ́ náà, ọdún kẹrin ṣáájú, ọdún kẹta tẹ̀ lé e, rọ́bà pupa, rọ́bà funfun, kò wò ó. Nígbà tó kan òun, apá adìẹ ló kù. Ó gbé e, ó ń lọ síbi tábìlì ògiri. Dẹ́ríkì fi ẹsẹ̀ fa àga kan síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú oúnjẹ. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀. Kóòṣì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí ọbẹ̀ ti dà. Ó wò wá, ó yí padà lọ, a ò sì rí rọ́bà mọ́.

Sátidé dé. Ẹgbẹ́ tó wá bá wa gbá a lówó débi pé mo gbọ́ pé ẹni tó ń gbé omi fún wọn gan-an ní ẹni tó ń gbé omi fún òun. Gbogbo àyè ni wọ́n ra ènìyàn sí. Mo jókòó sétí pápá pẹ̀lú ìgbákọ mi lórí itan. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọlu ara wọn, adágún Míṣígánì fà sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n ń ṣáájú wa lóòótọ́ títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, owó kì í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n àwọn adènà tiwa ò sùn lọ́jọ́ yẹn. Dẹ́ríkì di ọ̀kan mú lọ́tùn-ún, ó fi ìdí dí èkejì lọ́nà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sún mọ́ Tánà, wọ́n á bínú bí ẹni tí wọ́n na àbúrò rẹ̀ lójú rẹ̀. Níkẹyìn ọmọ náà dúró lẹ́yìn wọn, ó ráyè wo òsì, ó ráyè wo ọ̀tún, ó ráyè wo ibi tí mo jókòó sí, ó wá fi ọwọ́ olówó iyebíye yẹn ju bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín fi bò ó lójú ọ̀run. Ẹni tó hán an ní láti nu yìnyín kúrò lára rẹ̀ kó tó sáré wọlé.

A borí. Èrò ya wọ pápá, Dẹ́ríkì gbé mi sórí èjìká rẹ̀ pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù mi. Ibẹ̀ ga. Láti ibẹ̀ mo rí Ìwó kedere, mo rí Làmídì níwájú ilé rẹ̀ tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pè é lọ́jọ́ kejì, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó ní irọ́ ni ti bọ́ọ̀lù. Ó ní irọ́ ni ti èjìká. Ó wá ní, "Ọmọ òyìnbó ń pè ọ́ ní Baba?" Mo ní gbogbo wọn. Ó ní, "Ìyẹn dára." Láti kékeré, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló gba ọ̀rọ̀ mi láìwọ̀n ọ́n.

Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, tèmi náà ò bọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ tíréènì Red Line ní ọ̀sán, èrò kún fọ́fọ́. Géńdé kan dìde láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, ọ̀kan nínú àwọn adènà ni. Ó fi ọwọ́ méjì hàn mí ní àga rẹ̀, ó sì fi ohùn tó dé ibùdó tó kàn ní, "Ẹ káàsán, Baba." Gbogbo ọkọ̀ yíjú wò mí. Mo jókòó bí ọba. Ibi tí mo ti yẹ kí n sọ̀ kọjá, mi ò sọ̀. Mo ń gbádùn ara mi.

Ilé-ìwé ọlọ́rọ̀ tí a nà ránṣẹ́ sí Tánà pé àwọn yóò lé owó fún un. Ó ní òun ò lọ, pé kò sí ẹni tó máa fẹsẹ̀ fa àga fún òun lọ́hùn-ún.

Ó dára. Ti èjìká Dẹ́ríkì, ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé irọ́ ni. Kíṣìnì ni mo wà lọ́jọ́ náà, èmi àti Ìyá Tóólú gbé fóònù rẹ̀ ti ìkòkò, a ń wò ó. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ẹ ò lè mọ̀ nìyí: Tánà ò dúró. Ó lọ. Owó ibẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì, ó sì gbà á. Àwọn kan nínú kíṣìnì ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Èmi ò lè pè é bẹ́ẹ̀. Kí lèmi náà ṣe ní Ìwó? Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi àwọn tó ń kí mi sílẹ̀, mo lọ síbi tí owó wà, wọ́n sì kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ṣe àmín sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ tó lọ, ó wá sí kíṣìnì. Ẹnì kan ti sọ fún un pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì bí obìnrin. Ìyá Tóólú fi ọwọ́ bo ẹnu. Mi ò tún un ṣe. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo fi Yorùbá wúre fún un títí omi fi hó kúrò nínú ìkòkò. Nígbà tó dìde, ó bi mí pé kí ni mo sọ. Mo ní mo sọ pé kí wọ́n máa kí i níbi tó ń lọ.

Ìyẹn ò sí irọ́ nínú rẹ̀.